Akọ̀wé Ìran Tó Kọ Ìwé Ọdún Ẹgbàárùn-ún

Àwọn tó bú ìwé Dúrójayé pọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ bú u. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, láti orí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ títí dé orí èyí tó kẹ́yìn, nínú ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí ibùdókọ̀ Abraham Adésànyà, níbi tí mo ti ń tẹ̀wé tí mo sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún tọmọdé tàgbà. Ẹni tó bá ti tẹ igba ojú-ìwé ohun tí kò yé e rí ló mọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí mo dé ojú-ìwé ogójì, mo gbé fóònù, mo pè é.

"Dúró, àwọn èèyàn inú ìwé ẹ yìí, ìgbà wo ni wọ́n máa jẹun?"

"Wọn kì í jẹun, Àǹtí Àjíkẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń jẹ."

"Ìmọ́lẹ̀ wo? Èyí tí wọn ò tíì mú dé láti àná yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Jẹnẹrétọ̀ ni mo tàn tí mo fi ń tẹ ìwé àwọn tó ń jẹ ìmọ́lẹ̀.

Ohun tó wà nínú ìwé náà nìyí, kí ẹ má baà ní mo parọ́ mọ́ ọn. Ọdún ẹgbàárùn-ún ti pé. Òkun àti ọ̀sà ti pàdé, wọ́n ti di ọ̀kan, kò sí Lẹ́kí mọ́, kò sí Ajah. Àwọn èèyàn ń gbé nínú ilé gbọọrọ kan tó ń rìn láàárín ìràwọ̀. Wọn kì í kú, wọn kì í bímọ, nọ́ńbà ni wọ́n ń jẹ́ dípò orúkọ. Obìnrin kan wá wà nínú wọn tó ní òun fẹ́ padà sáyé láti lọ wo ibi tí àwọn ìyá ńlá òun gbé rí. Ó fi ọgọ́jọ ojú-ìwé tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn alákòóso. Wọn ò fún un. Ó jókòó. Ìwé parí.

Mo bi Dúró pé kí ló dé tí obìnrin náà ò jà, tí kò sá lọ, tí kò tiẹ̀ bú wọn. Ó ní bẹ́ẹ̀ layé rí. Mo ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ layé rí, kí ló dé tó fi lọ jìnnà tó ọdún ẹgbàárùn-ún kó tó rí i, ṣebí ó lè rí i ní ìdí ọkọ̀ ní Ajah. Orúkọ tó fún ìwé náà ni *Ọdún Ẹgbàárùn-ún*. Ìwé àkọ́kọ́ tó máa kọ láyé rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ Ìwó ni Dúrójayé Ọláṣẹ̀hìndé. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti tẹ̀ lé àwọn bíríkìlà wá sí Èkó, iṣẹ́ táìsì ló sì ń ṣe. Òun ló lẹ táìsì sílẹ̀ ilé oríṣiríṣi, láti Oniru títí dé Thomas Estate. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń jẹun, nítorí náà orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti yi. Ilé tó bá fi oṣù mẹ́ta kúnlẹ̀ nínú rẹ̀, tí àwọn onílé bá ti kó wọlé, ẹnu géètì ni máígàádì ti máa dá a dúró tí á bi í pé ta ló ń wá. Ó ti gbéyàwó rí, ìyàwó ọ̀hún ti bá tirẹ̀ lọ. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń pè é pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ní gbogbo Èkó yìí, ibẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Aláṣọ funfun ni wá. Bí a bá wọ sùtánà, a kì í wọ bàtà. Nígbà tí ẹ̀mí bá gbé Ìyá Wòlíì, wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ á máa tú jáde lẹ́nu wọn, òmíràn á já gaara, òmíràn á jẹ́ èdè tí a ò gbọ́, òmíràn á jẹ́ igbe lásán. Bí wọ́n bá sì ta jí, wọn ò ní rántí ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tí a fi ní akọ̀wé ìran. Ẹ̀gbẹ́ Ìyá ni akọ̀wé máa kúnlẹ̀ sí pẹ̀lú bírò, á kọ ohun tí wọ́n bá sọ sínú ìwé ńlá, á tún dà á kọ sórí pépà kékeré fún ẹni tí ìran náà bá wá fún. Pépà yẹn lèèyàn ń mú lọ sílé. Òun là ń tìtorí rẹ̀ gbààwẹ̀, òun là ń tìtorí rẹ̀ kó kúrò nílé, mo sì mọ ẹni méjì tó tìtorí rẹ̀ kọ ọkọ.

Ọdún mọ́kànlá ni bírò yẹn ti wà lọ́wọ́ Dúró. Àwọn arúgbó tó lè bí i lọ́mọ ń pè é ní Akọ̀wé, wọ́n ń fọwọ́ méjèèjì gba pépà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé bí wọ́n bá gba bírò náà lọ́wọ́ òun, òun ò mọ ohun tó tún kù lára òun tí èèyàn lè kí. Ohun tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn yín.

Ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà la tẹ̀. Fàtíù ló kọ́kọ́ gba tirẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lẹ táìsì. Ó ka ojú-ìwé méjìlá nígbà tí wọ́n ń sinmi ọ̀sán ní sáìtì, ó wá gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ta ló kọ́ ilé tí àwọn èèyàn yìí ń gbé?"

"Ẹ̀rọ ni."

"Ta ló lẹ táìsì ẹ̀?"

"Ẹ̀rọ náà ni, Fàtíù."

"Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí orúnkún yín ti daṣẹ́ sílẹ̀! Ẹ wá jókòó kọ̀wé pé lọ́jọ́ iwájú wọn ò ní nílò wa mọ́?"

Kò kà á mọ́. Ó fi ìwé náà bo abọ́ ìrẹsì rẹ̀ kí eṣinṣin má baà bà lé e. Dúró ló fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, inú sì bí mi sí Fàtíù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbéèrè rẹ̀ ò burú.

Ẹni kejì ni Ọdúnjọ tó ń ta ilẹ̀ lójú ọ̀nà Ajah. Òun ò tiẹ̀ kà á kọjá ojú-ìwé àkọ́kọ́. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ìwé na tábìlì mi, pé ta ló ní kí n tẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde, ṣé mo fẹ́ kí àwọn oníbàárà òun kà á pé òkun ń bọ̀ wá gba ilẹ̀ ni. Mo ní ọ̀gá, ọdún ẹgbàárùn-ún ni wọ́n sọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọdún sí ìsinsìnyí. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ẹgbàá lọ́nà ẹgbàá ọdún ńkọ́! Títí láéláé ni mo kọ sórí pátákó tèmi." Mo bá a ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ilẹ̀ rẹ̀, ó lọ.

Àwọn ti Oniru ló wá dùn mí jù. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣèyílọ́lá ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan níbẹ̀, Dúró ló lẹ táìsì bálùwẹ̀ rẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń péjọ lóṣooṣù láti sọ̀rọ̀ lórí ìwé tí wọ́n bá kà. Ó ní kí Dúró wá. Dúró ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, ó bẹ̀ mí kí n tẹ̀ lé òun, mo bá a lọ lọ́sàn-án Sátidé kan. Wọ́n jẹ́ mẹ́jọ, wọ́n gbé kọfí síwájú. Wọn ò pariwo, wọn ò na tábìlì, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń gún èèyàn.

"Ẹ má bínú sà, ó slow gan-an."

"Mi ò rí conflict ibẹ̀. Ta ni wọ́n ń bá jà?"

"Science ẹ̀ ò add up. Kí ni wọ́n ń mí símú lọ́hùn-ún?"

Ọ̀kan tó de gèlè pélébé ní, "Àti pé sci-fi ní Yorùbá? Honestly, ta ló fẹ́ kà á?"

Ibẹ̀ ni mo ti bínú. Mo ní, "Èmi kà á."

Ó yíjú sí mi. "Ẹ enjoy ẹ̀, mà?"

Mi ò lè purọ́. Mo ní, "Mi ò gbádùn ẹ̀. Ó sú mi. Ṣùgbọ́n mo kà á dé òpin. Ẹ̀yin mélòó lẹ kà á dé òpin níbí?"

Ọwọ́ méjì péré ló gòkè, ti Ṣèyílọ́lá sì rọra gòkè ni. Mo fẹ́ máa bá a lọ, Dúró fọwọ́ kàn mí. Nígbà tí mo wò ó, ìwé jọ́tà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń kọ gbogbo èébú náà sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Mo ní nínú ara mi pé ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, ó ní wọ́n gbìyànjú, wọ́n ṣáà fún òun ní wákàtí méjì. Mo kọ ojú sí fèrèsé.

Bó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ mọ síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Ìwé kò pa ẹnikẹ́ni rí tí wọ́n bá kàn bú u. Ṣùgbọ́n ìwé náà dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá kà á, ó rí i pé nínú ilé tó ń rìn láàárín ìràwọ̀ yẹn, wọn ò dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì kankan. Àwọn tiwa ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìtàn àròsọ láti ọwọ́ akọ̀wé ìran. Ohunkóhun tí Dúró bá ti kọ rí, tó bá ti jẹ mọ́ ọjọ́ iwájú, ìran ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ọ̀rọ̀ ti gba orí Wásáàpù ìjọ kan: Akọ̀wé ti rí ọdún ẹgbàárùn-ún, kò sí ìjọ wa níbẹ̀. Obìnrin kan ní òun rí nọ́ńbà ilé òun nínú rẹ̀. Òmíràn bi Dúró bóyá ara àwọn tí kì í bímọ nínú ìwé náà ni ọmọ òun obìnrin tó ti ń wojú Olúwa láti ọdún mẹ́fà. Wọ́n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láti yí i padà. Mo fi ojú mi rí ẹ̀dà méjìdínlógún lórí pẹpẹ, wọ́n dojú wọn délẹ̀, wọ́n sì tan àbẹ́là méje yí wọn ká. Èmi tí mo tẹ̀ wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mò ń kọ orin ìdáǹdè lé ìwé tí mo fọwọ́ ara mi dì. Mo kọ ọ́ tọkàntọkàn, kí n má purọ́.

Dúró wá jẹ́wọ́ fún wọn. Ó ní kì í ṣe ìran o, òun ló rò ó nínú ara òun. Ó rò pé ìyẹn máa pa iná náà. Epo ló dà sí i.

Bàbá Olùṣọ́, olórí ìjọ wa, pè é síwájú àwọn àgbà. Mo wà níbẹ̀ nítorí pé wọ́n pe èmi náà pé mo lọ́wọ́ sí i. Bàbá bọ́ awò ojú wọn.

"Dúró, bó bá jẹ́ ìran ni, ta ló fòróró yàn ọ́ sí wòlíì? Bó bá sì jẹ́ pé o rò ó ni, ọwọ́ tó kọ ọ́ tó igba ojú-ìwé, ṣé òun náà kọ́ ló ń kọ ọ̀rọ̀ Ẹ̀mí fún wa?"

"Bàbá, àlọ́ lásán ni."

"Àlọ́ ìjàpá, ẹ̀rín la fi ń rín in. Ta ló rẹ́rìn-ín sí tìẹ?"

Àwọn àgbà ní kó dá bírò padà lójú ẹsẹ̀, Bàbá ló dá wọn lẹ́kun. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù jáde, Bàbá fà á mọ́ra, wọ́n ní lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àwọn máa bi í léèrè ẹyọ kan lójú gbogbo ìjọ: ṣé ó ti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kún ọ̀rọ̀ Ẹ̀mí rí. Kó dáhùn pé rárá. Àwọn á gbàdúrà, ọ̀rọ̀ á tán, bírò á dúró sọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń lọ sílé mo ní, "O ò rí i pé Bàbá ti tán an? Rárá, ọ̀rọ̀ kan péré." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo retí kó rẹ́rìn-ín, kò rín in, mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Modúpẹ́ wá. Nọ́ọ̀sì ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ajah, inú ìjọ wa ló wà. Dúró wà lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án yẹn, ó ń to ìwé tí wọn ò rà sínú páálí. Modúpẹ́ kí wa dáadáa, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún mi. Ó wá gbé nǹkan méjì sórí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì mi: *Ọdún Ẹgbàárùn-ún* kan, àti pépà ìran kan tí wọ́n fi ọ̀rá bò. Mo mọ ọ̀rá yẹn, èmi ni mo bá a bò ó, kó má baà ya.

"Bọ̀dá Dúró, ẹ má bínú, question kan ṣoṣo ni mo ní. Àǹtí Àjíkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka èyí."

Mo gbé pépà. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni déètì tó wà lórí rẹ̀. Mo kà á sókè: "Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ dúró sí lónìí ni ayọ̀ rẹ ń bọ̀ wá bá ọ. Má sáré lọ pàdé rẹ̀ lókè òkun."

"Ó dáa. Ẹ ṣí ìwé yẹn sí ojú-ìwé tí mo ṣẹ́po."

Mo ṣí i. Obìnrin inú ìwé ló ń sọ̀rọ̀, níbi tó ti jókòó nígbẹ̀yìn: "Ibi tí ẹsẹ̀ mi dúró sí lónìí ni ayọ̀ mi ń bọ̀ wá bá mi. Mi ò ní sáré lọ pàdé rẹ̀ lórí ìràwọ̀ mìíràn."

Nínú gbogbo igba ojú-ìwé yẹn, ibẹ̀ nìkan ni mo ti dáwọ́ títẹ̀ dúró, tí mo mí kanlẹ̀, tí mo ní ọmọkùnrin yìí mà lè kọ̀wé o. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo fẹ́ràn.

Gbogbo ìjọ ló mọ̀ nípa físà Modúpẹ́. Ó ti jáde, ilé ìwòsàn kan lókè òkun ti ń retí rẹ̀, a ti ṣe ìdúpẹ́. Ìran yẹn wá dé, Modúpẹ́ sì pa físà tì. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ti jápa, wọ́n ti ń kó ọmọ wọn lọ. Ó tún gbìyànjú lẹ́yìn ọdún méjì, ilẹ̀kùn ti tì. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí lọ́jọ́ náà ló ṣì dúró sí.

"Ìwé yín ò dáa," ni Modúpẹ́ wí. Kò pariwo. "Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kà á ní night duty, mo fẹ́ sọ ọ́ nù. Mo wá débẹ̀ yẹn. Bọ̀dá, ta ló sọ ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé Ìyá ni, àbí ẹ̀yin?"

Ilẹ̀ ni Dúró ń wò. "Sister Modúpẹ́, Ẹ̀mí lè sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ̀mí ló bá yín kọ nọ́fẹ́ẹ̀lì náà nìyẹn?"

Modúpẹ́ mú pépà rẹ̀, ó fi ìwé sílẹ̀ fún wa. Ó ní, "Mo máa wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe máa ń parí ẹ̀." Ó tún kúnlẹ̀ díẹ̀ fún mi kó tó jáde, ìyẹn gan-an ló ba ọkàn mi jẹ́.

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Dúró, ṣé ìwọ ni?"

"Àǹtí, Ìyá kì í sọ ọ́ tán. Ṣebí ẹ máa ń gbọ́ wọn. Ọkọ̀, pupa, ìyá ẹ, àbẹ́là mẹ́ta. Ta ló fẹ́ gbé ìyẹn lọ sílé? Mo ń tún un ṣe kó lè ṣeé kà ni."

Mo bú u. Mo pè é ní ohun tí mi ò ní kọ síbí. Mo ní àwọn ará Oniru ṣàánú ẹ, wọn ò bú ẹ tó. Nígbà tí mo bú u tán, mo jókòó, mo sì sọ fún un pé bó bá di ọjọ́ Ìsinmi kó sọ pé rárá. Ẹ má pè mí ní èèyàn dáadáa. Ilé wọn ni mo rò, gbogbo àwọn tí mo ti bá fi ọ̀rá bo pépà, mo ní kí wọ́n ṣáà máa sùn láìmọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìsìn parí, ẹnikẹ́ni ò dìde. Ọ̀pọ̀ ló mú pépà wọn wá. Ìyá Wòlíì jókòó sórí àga wọn lápá ọ̀tún pẹpẹ, arúgbó ni wọ́n, wọ́n ń fi ìka ẹsẹ̀ họ ìka ẹsẹ̀. Modúpẹ́ wà ní ìlà kẹta láàárín àwọn obìnrin. Dúró kúnlẹ̀ níwájú pẹ̀lú ìwé ńlá àti bírò.

Bàbá Olùṣọ́ lu agogo lẹ́ẹ̀kan. "Dúrójayé, akọ̀wé ìran ìjọ yìí. Níwájú Ọlọ́run àti èèyàn, ǹjẹ́ o ti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ kún ọ̀rọ̀ Ẹ̀mí rí?"

Mo rí i tí Bàbá mi orí sí i díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń kọ́ ọmọ ní ìdáhùn. Dúró la ẹnu. Ó wo Bàbá, ó wo ìlà kẹta. Modúpẹ́ ò ṣe ojú kankan sí i, ó kàn ń wò ó.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo ti fi kún un."

Bàbá di ojú wọn. Ariwo sọ. Àwọn èèyàn dà síwájú, pépà lọ́wọ́ wọn, "Tèmi ńkọ́? Ka tèmi! Ta ló ní kí n kọ̀ ọ́ sílẹ̀?" Bàbá kan tó fi ọdún méjì kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ abẹ gbá Dúró ní ìpàkọ́, obìnrin kan tutọ́ sí ìwé ńlá. Ẹnì kan ń pariwo pé òṣìkà, ìwé tó kọ gan-an ò dùn. Agogo Bàbá ń dún, kò sẹ́ni tó gbọ́. Èmi náà ń pariwo, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ohùn Ìyá Wòlíì ló mú un rọlẹ̀, kò sì lọ sókè rárá. Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá kà á fún mi lẹ́yìn tí mo bá ta jí, ó máa ń yà mí lẹ́nu. Mo máa ń ní, báyìí ni Ẹ̀mí ṣe mọ̀rọ̀ọ́ sọ." Wọ́n fi etí sùtánà nu ojú wọn.

Nígbà náà ni Modúpẹ́ wá síwájú. Wọ́n la ọ̀nà fún un. Ó ti fi abẹ gé ọ̀rá kúrò lára pépà rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ síwájú orúnkún Dúró.

"Bọ̀dá, ẹ bá mi fa igi lé gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ tiyín. Ẹ fi ti Ìyá sílẹ̀ fún mi. Ó kéré tán, kí n mọ ohun tí Ẹ̀mí sọ."

Dúró mú bírò. Ó fa igi lé ìlà àkọ́kọ́. Ó dúró. Ó fa igi lé ìkejì. Ó ń bá a lọ títí dé ìsàlẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, mo wo ohun tó kù: orúkọ Modúpẹ́, àti déètì.

"Ìyá pe orúkọ rẹ," ni Dúró wí, omi ti kún ojú rẹ̀. "Wọ́n wò ọ́ títí, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kọjá sí ẹni tó kàn. Gbogbo àwọn tó jáde lọ́jọ́ náà ló rí ìran gbà, ìwọ nìkan ni o ò rí. Mo rí ojú rẹ. Mi ò lè fún ọ ní pépà òfìfo."

Ó gbé bírò sórí ìwé ńlá, ó sún un síwájú Bàbá Olùṣọ́. Kò sẹ́ni tó wo bírò. Modúpẹ́ mú pépà rẹ̀ nílẹ̀, ó wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ̀ bá ti fún mi ní òfìfo yẹn, Bọ̀dá Dúró," ó ní. "Ǹ bá ti lọ."